Géèmù Á Dùn, Etí Ò Ní Bàjẹ́
Àwa ará Èjìgbò tí a fi Niangon ṣe ilé mọ ariwo dáadáa: ti gbaka, ti ilé ọtí, ti aládùúgbò. Bí ọmọ wa bá ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà, ńṣe ló máa ń yí ohùn sókè kó lè borí gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń kọ wá lóminú nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ohùn tí ọmọdé ń fi hẹ́ẹ̀dífóònù gbọ́ má ju dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 75 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ohun tí ariwo bá sì pa nínú etí kì í hù padà.

A lọ sí Black Market ní Adjamé, a ra hẹ́ẹ̀dífóònù tó bo gbogbo etí, tó ń dí ariwo ìta. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà àlòkù náà ṣì ń hó “ṣìì” sí i létí, torí iná inú ẹ̀rọ ń da ohùn rú. A wá fi káàdì ohùn kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB kún un. Ìta ẹ̀rọ lòun wà, híhó náà sì dákẹ́. Ìdajì ohùn àtijọ́ ti tó ọmọ báyìí, ó sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọ̀tá yékéyéké.

Ẹ̀yin òbí, bí owó ò bá tó, ẹ fi hẹ́ẹ̀dífóònù ṣáájú. Káàdì lè dúró. Kí ẹ sì jẹ́ kí etí máa sinmi láàárín eré.