Iṣẹ́ Wa ní Agbowó: Láti Taipúráítà Dé React

Taipúráítà ni mo kọ́ ní Agbowó, ní òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí ọdún 1990 ti kọjá díẹ̀. Pírójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni oúnjẹ wa. Bí súpáfáísọ̀ bá fagi lé nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú tábìlì, ọ̀gá mi á gbé kákúlétọ̀, á tún gbogbo rẹ̀ ṣírò, èmi á sì tún ojú ewé náà tẹ̀ látòkè délẹ̀.

Lotus 1-2-3, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò inú tábìlì, ló gbà wá. Ẹ ó kàn kọ fọ́múlà sínú àpótí ìsàlẹ̀ pé òun ni àròpọ̀ àwọn tó wà lókè, ó parí. Bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó á yí ẹsẹ̀ padà: ẹ fọwọ́ kan nọ́ńbà kan, àròpọ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe, gbogbo ohun tó gbára lé àròpọ̀ náà á sì tẹ̀lé e.

Dan Bricklin àti Bob Frankston ní Amẹ́ríkà ló fi VisiCalc gbé irú iṣẹ́ yìí jáde lọ́dún 1979. Ṣùgbọ́n ìlà-ìlà tàbí òpó-òpó ni VisiCalc ń ṣírò. Bí àpótí òkè bá ń dúró de ti ìsàlẹ̀, ìdáhùn àkọ́kọ́ lè má tọ̀nà, àfi kí ẹ tún un ṣírò. Lotus, tó jáde lọ́dún 1983, máa ń wádìí àpótí tó gbára lé òmíràn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí SPSS, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà ìwádìí, dé ọwọ́ wa, a rí òdìkejì Lotus. Ẹ ṣírò ọ̀wọ́ tuntun láti inú dátà, ẹ wá tún dátà ṣe: ọ̀wọ́ tuntun náà kò ní mì, àfi bí ẹ bá tún àṣẹ pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé kí wọ́n tọ́jú àṣẹ tí wọ́n pa.

Lónìí, React, irinṣẹ́ ìkọ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù tí Facebook gbé síta lọ́dún 2013, ni àwọn ọ̀dọ́ ń lò. Wọ́n á kọ bí ojú ìwé ṣe gbọ́dọ̀ rí fún dátà tó wà nílẹ̀; bí dátà bá yí padà, React á tún ojú ìwé ṣe. Ọgbọ́n àpótí Lotus náà ni.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi bírò yàwòrán ohun tó gbára lé òmíràn. Bí A bá ń dúró de B, tí B náà ń dúró de A, Excel, ètò tábìlì bíi Lotus, á pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa tú u.