Iṣẹ́ Dé, Owó Kò Dé

Ẹ̀yin ìyàwó àti ìyá ọ̀dọ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ, aṣọ rírán àti bí a ti ń ṣọ́ owó ọbẹ̀ ná ni ẹ máa ń retí lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ owó náà ni mo tún gbé dé lónìí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni mo fi gbé e wá. Ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi náà mọ̀ pé àpáta ni Ọlọ́run fi jíǹkí àwa ará Àkókó, kì í ṣe òkun. Láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà, òkè ni ojú ń rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, àfi kí ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Ní ìparí ọdún 2023, àbúrò ọkọ mi tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pè wá lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan. “Ìyàwó mi,” ni ó wí, nítorí pé ó ti wà nínú ẹbí kí n tó wọlé, “ẹ bá mi bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Belfast tí ó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ìpín rẹ̀ kò wọ́n ní ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń bọ̀. Bí iṣẹ́ náà bá ti dé tán, kò sí ẹni tí yóò tún rí i rà ní iye yìí mọ́.”

Harland and Wolff ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ọdún 1861 ni a dá a sílẹ̀, òun ni ó sì kan Titanic, ọkọ̀ ńlá tí ó rì ní ọdún 1912. Ṣùgbọ́n ògo àná kì í san gbèsè òní. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọwọ́ àwọn alámòójútó tí òfin yàn ni ó bọ́ sí, bí a ti ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ tí kò lè san gbèsè rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí a ń pè ní InfraStrata rà á ní mílíọ̀nù 6 pọ́n-ùn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ibi tí a lè kó gáàsì pamọ́ sí ni wọ́n ń gbèrò láti kọ́. Wọ́n ra ọgbà ìkankọ̀ mẹ́ta mìíràn kún un, wọ́n sì sọ ara wọn ní orúkọ àtijọ́ náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìròyìn ayọ̀ dé. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí ó para pọ̀, tí Harland and Wolff wà lára wọn, kí wọ́n kan ọkọ̀ mẹ́ta tí yóò máa gbé oúnjẹ àti ohun ìjà lọ bá àwọn ọkọ̀ ogun lójú òkun. Bílíọ̀nù 1.6 pọ́n-ùn ni iye owó iṣẹ́ náà. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Láti ìgbà náà ni àwọn olówó kékeré tí wọ́n ti ra ìpín níbẹ̀ ti ń ṣírò: bí a bá gba ti ìjọba yìí, ta ni kò ní gbé iṣẹ́ tirẹ̀ wá? Wọ́n ń ka ọkọ̀ èrò, wọ́n ń ka ọkọ̀ ogun, wọ́n ń ka irin tí a ó fi gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn ró nínú òkun.

Kí n má purọ́ fún yín, èmi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí a rà á. Ọkọ mi mú bírò, ó mú ìwé, àwa méjèèjì sì jókòó ti tábìlì. Owó kànga ẹ̀rọ ni owó tí ó wà ní ọwọ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àkókó mọ ohun tí omi jẹ́ fún wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ní kí a fi kànga sílẹ̀ fún ọdún kan. Mo ti rí kànga méjì nínú kànga kan.

Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó yọ wá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kí ó wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà ni ó ti ń jábọ́, nígbà tí a sì fi máa rí ẹni tí yóò bá wa ṣẹ́ owó náà, ohun tí ó kù nínú pọ́n-ùn wa kò jọ ohun tí à ń bá ara wa jà sí. A bínú, a fi owó gbẹ́ kànga.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2024, ọjà ìpín ìdókòwò ní Lọ́ńdọ̀nù dá ríra àti títa ìpín náà dúró, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà kò gbé ìṣirò owó ọdún tí ó kọjá jáde ní àsìkò. Nínú oṣù kan náà, ìjọba kọ̀ láti ṣe onídùúró fún mílíọ̀nù 200 pọ́n-ùn tí wọ́n fẹ́ yá. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án, ó tún di ọwọ́ àwọn alámòójútó, wọ́n sì kéde pé àwọn onípìn-ín kò ní rí nǹkan kan gbà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Navantia, ilé-iṣẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè Sípéènì tí wọ́n jọ gba iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́ta náà, ra ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nǹkan bí 1,000 òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́ta náà kò sì parẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìpínrọ̀ yẹn kà. Àwọn tí ó ra ìpín kò ṣi ìṣirò: wọ́n ní iṣẹ́ yóò dé, iṣẹ́ sì dé. Wọ́n ní ọgbà náà kò ní kú, kò sì kú. Síbẹ̀ ọwọ́ òfo ni wọ́n gbé padà sílé.

Mo rò ó títí, kò yé mi, àfi ìgbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní iṣẹ́ oúnjẹ, tí ó ń se àsè ní Ọ̀kà. Ó ní, “Mà, èmi gan-an nìyẹn.” Wọ́n gbé òkú àgbà kan wá fún un láti se oúnjẹ rẹ̀, àwo 600. Inú rẹ̀ dùn, ó jó. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n san sílẹ̀. Lẹ́yìn ìnáwó ni wọn yóò san èyí tí ó kù. Ó yá owó elélé láti ra ìrẹsì, òróró àti ẹran. Ó se é, ó dùn, gbogbo ènìyàn yìn ín. Kí àwọn olóòkú tó san owó tán, èlé ti gun orí èlé. Ó san ti ayánilówó, ó san ti àwọn tí ó bá a gbé ìkòkò, ó san ti alápatà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó fi owó tirẹ̀ bá a dá òwò náà sílẹ̀, tí wọ́n jọ ní ìṣù kan náà, kò rí ju ìdí ìkòkò lọ. Ọ̀dọ̀ onípìn-ín ni à ń pín oúnjẹ dé kẹ́yìn. Bí iṣẹ́ bá sì ti tóbi ju owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ, bí ó ti ń pọ̀ sí i ni gbèsè ń pọ̀ sí i.

Nítorí náà, bí ọkọ yín, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín, bá gbé ìpín ilé-iṣẹ́ kan wá, tí wọ́n sì ń sọ fún yín pé iṣẹ́ ń bọ̀, ẹ bi wọ́n pé owó ta ni a ó fi ṣe iṣẹ́ náà títí a ó fi rí owó rẹ̀ gbà. Èló ni èlé orí rẹ̀? Ìṣirò owó ọdún tó kọjá dà? Bí wọ́n bá ní yóò jáde láìpẹ́, ẹ̀yin náà ẹ ní owó yín yóò jáde láìpẹ́. (Ọkọ mi ti ka èyí, ó ní mo ti di agbẹjọ́rò.)

Mi ò lè sọ gbogbo èyí kí n má sọ ti ìyá mi. Aṣọ ni ó ń tà ní ọjà Ìkàrẹ́. Ní ọdún 2007, nígbà tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ń ta ìpín káàkiri, tí àwọn oníṣòwò ọjà kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó kó owó tí ì bá fi ra ọjà tuntun, ó fi ra ìpín báńkì kan. Wọ́n ní báńkì náà yóò ṣí ẹ̀ka sí òkè òkun. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín ìdókòwò wa ní Èkó ti kọjá 66,000. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 20,000 ni ó kù. Yunifásítì ni mo wà. Irun ni mo fi ń dì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí n tó lè parí. Báńkì mìíràn ló wá gbé ti ìyá mi mì.

Kò tíì sọ fún mi rí pé owó òun sọnù. Inú agolo bisikíìtì ni ìwé ìpín náà wà títí di òní, lábẹ́ àwọn gèlè rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá tí mo gbé iṣu lọ kí i, ó gbé agolo náà wá, ó nu ìdérí rẹ̀, ó ní kí n bá òun tún un wò.

“Ọmọ mi, mo gba iwájú báńkì yẹn kọjá ní ọjọ́ Ẹtì,” ni ó wí. “Wọ́n ti tún ilé náà kùn. Èrò pọ̀ níbẹ̀ gan-an.”