Ìlú Àtijọ́ tí ó wà Lẹ́bàá Wa



Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ mi obìnrin tí ń gbé ní òkè òkun fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi ní Ìkọ̀gòsì. Ó ti lọ wo Gruyères, ìlú àtijọ́ kan lórí òkè kékeré ní Switzerland, níbi tí àwọn òkè ńlá Alps ti bẹ̀rẹ̀. Odi yí ìlú náà ká, òkúta ni a fi tẹ́ ìgboro rẹ̀, ilé olódi tí ó ti lé ní 700 ọdún sì dúró níbẹ̀ títí di òní. Ó wá bi mí léèrè pé, "Bàbá mi, ǹjẹ́ a ní irú èyí nílé?"

Ìbéèrè náà gún mi lọ́kàn. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a gbé bí ìyá mi, kò sì jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá mi, èmi kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé mo wọ ọkọ̀. A gba Aramọkọ kọjá, a sì bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Òkè wọ̀nyí ni odi Ẹ̀fọ̀n, odi tí ọwọ́ ènìyàn kò mọ. Lára wọn náà ni omi Olúmirin ti ń já wálẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìlú yìí kan náà ni a sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959.

Àbúrò ìyá mi, bàbá arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni ó mú mi lọ sí ààfin. Iná jó ààfin náà ní 1912. Agbọnbiofe, ọmọ ilé Adéṣínà, tí ó kú ní 1945, ni ó gbẹ́ òpó tuntun fún un: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá tí ó pọn ọmọ. Bàbá ń sọ ìtàn wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ọ̀kan tí ó sì dákẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá rẹ, ni ó mọ ti èyí dájú. Ìwọ kò bi í ni?"

Mo tẹ orí ba. Èmi kò bi í.

Ní Gruyères, gbèsè lé ìjòyè ìkẹyìn kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní 1554. Láti 1938 ni ilé olódi náà ti di ti ìjọba Fribourg, a sì ń san owó kí a tó wọlé wò ó. Àwọn tọ́jú òkúta, ṣùgbọ́n onílé ti lọ. Ní Ẹ̀fọ̀n, oyè Aláayè kò parẹ́, onílé wà nílé. Ìtàn ni àwa ń jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti kọ ìtàn òpó mẹ́fà sínú ìwé. Ti ìkeje, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Mo sì fèsì fún ọmọ mi pé, "A ní i. Tètè wá, nígbà tí Bàbá ṣì wà láàyè."

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà nínú ilé, ẹ bi wọ́n léèrè ní alẹ́ òní.