Owú Nínú Ìsinmi Ńlá ní Massè

Ẹni tí ó bá kúrò ní Àjàṣẹ́, tí ó gba Sakété kọjá dé Ikpinlè, yóò rí i pé igi ọ̀pẹ ni ó ń sin òun lọ lọ́tùn-ún lósì. A ó tibẹ̀ yà lọ sí Massè, ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́fà tí ó wà ní kọ́múùnù Adja-Ouèrè. Ilẹ̀ Nàgó àti Ọ̀họ̀rí ni. Lónìí, àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ń kó sìmẹ́ǹtì jáde láti ilé iṣẹ́ NOCIBE ń da eruku sí etí ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí a bá rìn díẹ̀ wọ inú oko, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni ojú ń rí.

Oṣù Kẹjọ ni ó dára jù láti dé ibẹ̀. Ìkórè àgbàdo àkọ́kọ́ ti ń parí, ilé ẹ̀kọ́ sì ti wà nínú ìsinmi. Àwọn ọmọ tí ń kàwé ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà, wọ́n sì bá àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò kúrò lóko. Wọ́n jọ ń bó àgbàdo, wọ́n jọ ń pọn omi. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ láìpariwo: ọmọkùnrin kan gba garawa omi lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà jókòó ti ọmọ Kútọnu kan, wọ́n jọ ń wo fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ di owú.

Nínú èdè wa, ohùn ni ó ya òwú tí a fi ń hun aṣọ sọ́tọ̀ kúrò lára owú tí ń fa aṣọ ya. Èdè Faransé ní tirẹ̀ pe owú ní jalousie, orúkọ kan náà ni ó sì fún irú fèrèsé kan tí ẹni tí ó wà nínú ilé lè gbà wo ìta, tí ará ìta kò ní rí i. Èdè méjèèjì sọ òtítọ́: owú a máa fa nǹkan ya, a sì máa lúgọ.

Àwọn baba wa kò sọ pé ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ jowú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí owú rí ibi lúgọ sí. Alárinà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ́kùnrin a kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko àna rẹ̀, gbogbo abúlé a sì mọ ẹni tí ń fẹ́ ta ni. A kò ní purọ́: nígbà mìíràn, àwọn òbí ti yan ọkọ kí ọmọbìnrin tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni a ń sọ pé kí ó padà wá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí a tún gbé yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìkórè, ní ilẹ̀ Kétu, Pobè, Sakété àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa jáde láti bu ọlá fún àwọn ìyá. Lóru, Ẹ̀fẹ̀ a bọ́ sí ojú agbo, a fi orin sọ ìwà tí kò dára láàárín ìlú: ọkọ tí ń lu aya, òjòwú tí ń ṣọ́ ojú ọ̀nà, ẹni tí ń tan ẹni méjì pọ̀. Èrò a rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn náà a rẹ́rìn-ín, nítorí bí ó bá bínú, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá tí ó yẹ kí gbogbo ayé bá wa tọ́jú. Àwa mọ̀ pé ó tún jẹ́ ilé ẹjọ́ tí kò ní ẹ̀wọ̀n.

Lónìí, fóònù ti di jalousie àwọn ọmọ wa. Nínú òkùnkùn ni wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ tí a kò kọ sí wọn; wọ́n a béèrè kóòdù lọ́wọ́ ara wọn bí ẹni ń gba owó orí. Kò sí alárinà, kò sí agbo, kò sí ẹ̀rín. Àwa tí ń kọ́ni mọ ohun tí oṣù Kẹsàn-án ń mú wá: ọ̀rẹ́ méjì tí kò lè jókòó lórí bẹ́ńṣì kan mọ́, tàbí ààyè ọmọbìnrin kan tí ó ṣófo nítorí oyún. Òfin ẹbí ti ọdún 2004 fi ọdún 18 ṣe ọjọ́ orí ìgbéyàwó. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í bá ọmọ jókòó nídìí àgbàdo ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ tútù ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní ń yọ ọfà lápó. Bí nǹkan bá dùn yín, ẹ sọ ọ́ lójú ẹni tí ó ṣe é, kí ẹni kan tí ẹ jọ fọkàn tán sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní dandan kí ẹ ṣí fóònù yín kí òun tó gbà pé ẹ fẹ́ràn òun, ẹ̀ṣọ́ ni ó fẹ́ jẹ́, kì í ṣe olólùfẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ìrọ̀lẹ́ gùn ní Massè nínú oṣù Kẹjọ. Bí ẹ bá ń bó àgbàdo, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti owú níbẹ̀, kí a fi rẹ́rìn-ín, kí ọmọ tó wá ẹlòmíràn tí yóò bá òun sọ ọ́ lókùnkùn.