Bí Mo Ti Ṣe Yan Pátákó Ìgunbì

Bí ẹnìkan bá sọ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ Yunifásítì pé èmi, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí n kò mọ omi kan tí ó ju odò tí a ń fi ẹsẹ̀ là kọjá lọ, ni n ó fi owó ara mi ra pátákó tí a fi ń gun ìgbì òkun, ǹ bá ní kí ó lọ wá ẹlòmíràn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mo rà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tilẹ̀ yàn án, àṣìṣe sì ni yíyàn èkíní. Nítorí àṣìṣe náà ni mo ṣe mú kálàmù, kí ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ọ̀nà kan náà lè fi tèmi kọ́gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ òkun kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ilé wa. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin kan wá ṣiṣẹ́ ní Èkó kí a tó bí mi. Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún kan, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe fàájì ní Bar Beach, etí òkun tí a ti fi yanrìn dí báyìí, tí a sì ń kọ́ Eko Atlantic sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà wálé. Òun kò padà. Láti ìgbà náà ni ìyá mi kò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ òkun mọ́. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní Yunifásítì, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Àkànní, ìwé ni mo rán ọ lọ kà. Má bá mi dé etí òkun o.” Mo ní mo ti gbọ́. N kò sọ pé n kò ní í lọ.

Ní ọdún kejì mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fà mí lọ sí Tarkwa Bay. Ọkọ̀ ojú omi ni a wọ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó ni ibẹ̀ wà, lẹ́bàá odi òkúta tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tò sínú òkun láti 1908, kí yanrìn má baà dí ọ̀nà àwọn ọkọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ lórí pátákó, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wa omi, tí ìgbì gbé wọn, tí wọ́n dìde dúró ṣánṣán, tí wọ́n sì ń bọ̀ bí ọba tí ó gun ẹṣin. Ẹnu mi là, n kò lè pa á dé.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé eré àwọn ará Hawaii nìkan ni. Òtítọ́ ni pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti tàn ká ayé, títí ó fi wọ ìdíje Òlíńpíìkì tí a ṣe ní Japan ní 2021. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan tí òyìnbó ológun kan, James Alexander, tẹ̀ jáde ní 1837, ó ròyìn àwọn ọmọkùnrin tí òun rí ní Accra, tí wọ́n fi pátákó fẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ ikùn, tí wọ́n sì ń bá ìgbì bọ̀ wá sí etí òkun. Nítorí náà, kì í ṣe àṣà àjèjì ni mo fẹ́ lọ yá.

Mo lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìṣirò lálẹ́, tí mo ń tu owó jọ. Ọkùnrin kan ní pátákó méjì tí àwọn àlejò tà fún un. Èkíní gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, imú rẹ̀ mú ṣóńṣó, wọ́n kùn ún ní pupa àti funfun, ó ń dán bí idà. Èkejì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8. Ó fẹ̀, ó nípọn, fóòmù rírọ̀ ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, ó sì dà bí ilẹ̀kùn tí a yọ lára ilé. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí mo mú. Bí ẹni ń yan fìlà ni mo ṣe yan án.

Ọjọ́ kan náà ni mo gbé e wọ omi. Bí mo ti dọ̀bálẹ̀ lé e, ó rì lábẹ́ mi. Mo wa omi títí apá mi fi kú. Ìgbì ń kọjá, kò gbé mi. Ẹ̀kẹrin gbé mi, ó sì yí mi po bí ẹni ń fọ aṣọ. Imú pátákó náà là mí ní ìpéǹpéjú. N kò mọ òkè, n kò mọ ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé ìyá mi yóò gbọ́ ìròyìn kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọkùnrin Ìlàjẹ kan ni ó fà mí jáde. Kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn tí a lé kúrò ní Tarkwa Bay ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Láti òdìkejì omi ni ó ń wọ ọkọ̀ wá. Ó jẹ́ kí n bì tán, ó wá ní, “Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Kílò mélòó ni yín?”

Mo ní 76.

Ó ní, “Èyí tí ẹ gbé yìí kò ju lítà 30 lọ. Kò lè gbé yín.”

Ojú tì mí. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Mo ti kọ èyí nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ohun tí ó bá léfòó, ìwọ̀n omi tí ó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ó ń gbé e ró. Ọmọ tí kò wọ kíláàsì mi ni ó wá fi hàn mí pé n kò tí ì mọ ohun tí mo kọ. Ó ní ìyára ìgbì ni ó ń gbé ọ̀gá ró lórí pátákó kékeré, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, pátákó fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e: kí ó gùn, kí ó lè tètè bá ìgbì lọ, kí ó fẹ̀, kí ó má baà yí dànù, kí ó nípọn, kí ó lè léfòó, kí ara rẹ̀ sì rọ̀, nítorí ọjọ́ tí yóò bá gbá olúwa rẹ̀ lórí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní ọ̀gá mi.

Òun ni ó bá mi padà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà. Ọkùnrin náà gba ti èkíní, ó sì tún gba owó lé e. Mo san án láìjiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n gbé ilẹ̀kùn mi lọ bẹ́ẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ara rẹ̀ láti imú dé ìdí, ó ń wá ibi tí ó sán. Ó ní bí omi bá wọ inú fóòmù, pátákó yóò máa wúwo, kò ní í gbéni dáadáa mọ́. Ó mi àwọn lẹbẹ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá wọ́n dúró. Ó fa okùn tí a ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó ní, “Bọ̀dá, bí okùn yìí bá já, ẹ má wọ omi.” Ó pẹ́ oṣù méjì kí n tó dúró lórí rẹ̀, kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ kí n tó ṣubú. Síbẹ̀, bí mo ti ń ṣubú ni mo ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi, ìyá mi rí àpá ìpéǹpéjú mi. N kò lè parọ́ fún un. Kò bá mi wí. Ó kàn dìde, ó wọ yàrá lọ. Ọjọ́ kẹta ni ó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Wá mú mi lọ wo ohun tí o gùn.”

Ní àsìkò Àjíǹde tí ó tẹ̀ lé e ni mo mú un dé Tarkwa Bay. Ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú títí a fi gúnlẹ̀. Ó yí pátákó mi po lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn án pẹ̀lú ìka, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó mú okùn ìdí rẹ̀. “Kí ni èyí?”

Mo ní, “Ẹsẹ̀ mi ni mo ń so ó mọ́, Ìyá. Bí mo bá ṣubú, kò lè fi mí sílẹ̀ lọ.”

Ó fà á gan-an, bí ìyálọ́mọ ti í fa ọ̀já kí ó tó dìde. Ó ní, “Ọ̀já nìyẹn.” Ó dákẹ́, ó ń wo òkun. Ó tún ní, “Ká ní àbúrò mi ní ọ̀já lọ́jọ́ náà.”

Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sínú yanrìn, ó so okùn náà mọ́ mi lẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tún un fà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó jẹ́ kí n lọ.