Inú Wo Ló Ń Run Yín?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, bí a bá jẹun yó jù, "inú ń run mí" ni a ń wí. Bí nǹkan oṣù bá dé, òun náà ni. Gbólóhùn yìí ná wa ní ọdún méjì: oògùn aràn ṣáá ni wọ́n ń fún wa. (Ọ̀kan nínú wa ló ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n yàrá kan, ìkòkò kan ni àwa méjèèjì ní.)

Nígbà tó yá, dókítà kan béèrè ìgbà tí ó máa ń dé nínú oṣù. Endométriose ló pè é: ẹran tó jọ ti inú ilé ọmọ ń hù níta ilé ọmọ. Nǹkan bí obìnrin 1 nínú 10 tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló ní in.

Màmá wa ní Kétu ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ká yé lá ṣúgà. A gbà, kò kúkú ná wa lówó. A sì ń kọ ohun tí a jẹ àti bí ìrora ti le tó sínú ìwé. Lẹ́yìn oṣù 4, a rí i pé bí a bá jẹ ẹ̀wà tàbí tí a mu wàrà nígbà náà, ikùn a wú, a le bí awọ ìlù. Àkàsà, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni a fi rọ́pò wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹran màlúù náà dín kù, àìlówó ló fà á, kì í ṣe ọgbọ́n.

Wíwú náà rọlẹ̀. Ìrora dín díẹ̀, kò lọ; oúnjẹ kì í yọ ohun tó ti hù, oògùn dókítà ṣì wà nínú àpò wa.

Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà báyìí, a kì í wí "inú" mọ́. "Abẹ́ ìdodo ni, láti ọjọ́ méjì ṣáájú nǹkan oṣù," la ń wí.