Ẹ̀ṣọ́ Mẹ́wàá Tí Kò Sí Níbẹ̀

Àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé yàrá kan la jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan láti ṣe eré World of Warcraft. Nínú eré náà, bí a bá tẹ /e, ohun tí a bá kọ tẹ̀lé e yóò hàn sí àwọn tó wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dá ẹ̀dá-ìtàn tí ojú kò rí sílẹ̀: ìyá olóúnjẹ tó ń bú onígbèsè, ọmọdé tó ń sáré kọjá. Kò sẹ́ni tó rí wọn, síbẹ̀ gbogbo èèyàn ń yà fún wọn lọ́nà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní ìlú Stormwind, a ń ṣe oníṣòwò, ẹnì kan ń ṣe olè. Ó gbé àpò wa, ó fẹ́ sá. A kò fẹ́ kó borí wa, la bá kọ ọ́ pé ẹ̀ṣọ́ mẹ́wàá ti yí i ká, wọ́n ti dè é. Ó dákẹ́, ó sì jáde. A kò rí i mọ́.

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ojú tì wá. A ti fi èèyàn inú afẹ́fẹ́ gba eré lọ́wọ́ èèyàn gidi.

Ní báyìí, bí ẹ̀ṣọ́ wa bá dé, ìbéèrè ló ń bèèrè: "Kí ló wà nínú àpò yẹn?" Olè lè purọ́, ó lè bẹ̀bẹ̀, ó sì lè sá. Ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí.